Ohun Tí Mo Hú Nínú Pálọ̀ Bàbá Wa

Wàsíù, àbúrò mi, àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ Làsísì tí ìwé yìí bá dé etí yín, ẹ wá ibi jókòó sí kí ẹ tó kà á. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń gbọ́ lórí ìdúró. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń fi ẹsẹ̀ bo ẹyin iná kan mọ́lẹ̀. Ó ń jó mi, mi ò sì lè gbé ẹsẹ̀ kúrò kí ẹlòmíràn má baà rí i. Bí kì í bá ṣe ìpè tí o pè mí ní Alàmísì tó kọjá, Wàsíù, ǹ bá gbé e wọ sàréè. O ní ẹni tó ra ilé wa ní Agége fẹ́ wó o. O ní ẹbí ti fẹnu kò pé kí ẹ hú Bàbá àti Màámi, kí ẹ kó wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí katakata má baà gun wọn lórí. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun àárọ̀. O wá fi gbólóhùn kan kún un, o rò pé ò ń fi mí lọ́kàn balẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fòyà, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú Bàbá. Èmi fúnra mi ni n ó tú aṣọ funfun yẹn." Láti ìgbà náà ni oorun ti kọ̀ mí. Alápatà ni ọ́, ojú rẹ mọ eegun ju ojú gbogbo ẹbí wa lọ, Wàsíù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, òun náà ló sì jẹ́ kí n gba bírò lọ́wọ́ Hàmdálàt ọmọ mi. Òtítọ́ gbọ́dọ̀ ti ẹnu mi jáde kí ó tó ti inú ilẹ̀ jáde.

Ilé ọmọ mi ni mo wà, ní ìlú òyìnbó tí òjò rẹ̀ kì í dún lórí òrùlé. Dókítà ti sọ ohun kan fún un, òun kò sì sọ fún mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń bi àgbàlagbà léèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ pé kí ló wù ú láti jẹ, ó yẹ kí ó mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Láràárọ̀ ni ọmọ náà ń dín ẹyin, láràárọ̀ ni mo ń tì í sẹ́yìn. "Dàdì, kí lẹyin ṣe yín gan-an?" Yóò rí ìdáhùn rẹ̀ nínú ìwé yìí, nítorí òun ni yóò ya fọ́tò rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ. Bí mo bá di ojú, kì í ṣe ibí ni mo ń wà. Agége ni mo ń wà, níbi tí afẹ́fẹ́ àárọ̀ ti ń gbé òórùn Oko Ọba, ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, wọlé ṣáájú kí muèsínì tó pè, tí Màámi á máa bá ààrò jà, tí ìwọ á sì ti jáde lọ síbi ẹran pẹ̀lú bàtà róbà rẹ tó gùn dé orúnkún. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ ò mọ ohun tí ẹ ní. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n nígbà náà.

Àwọn ọmọdé inú ẹbí ò mọ bí ibojì ṣe dé inú pálọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún wọn. Bàbá wa Làsísì, alápatà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kú ní oṣù keje ọdún 1987. Ẹ̀gbẹ́ ilé, lábẹ́ fèrèsé rẹ̀, ni a sin ín sí, nítorí wọ́n ní baálé kì í fi ilé tó kọ́ sílẹ̀. Nígbà tí a fẹ ilé náà sí i lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ògiri tuntun gba ẹ̀yìn ibojì kọjá, Bàbá sì wọlé wá bá wa. A fi sìmẹ́ńtì gbé e ga dé orúnkún, a fi táìsì funfun bò ó. Ó wà níbẹ̀ láàárín àwọn àga bí ẹnì kan nínú wa. Àwọn ọmọ ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé lórí rẹ̀. Bí ọjọ́ Jímọ̀ bá pé, Màámi á fi àkísà tútù nù ún, á máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ń jẹun níwájú rẹ̀: "Ẹ kú ìsinmi o, ọkọ mi. Màlúù tí ọmọ yín Wàsíù rà lánàá, arọ ni o. Ẹ̀yin lẹ mọ bí ẹ ṣe kọ́ ọ." Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín.

Ohun tó bà mí jẹ́ kò ju àga kan lọ. Ẹ mọ̀ pé oníná ni mí ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike ní Ìlúpéjú. Ọ̀gá wa kọ́ ilé sí apá ibi tí àwọn olówó ń gbé ní Ìkẹjà, ó ní kí n wá fa wáyà sí yàrá kan tó fẹ́ máa fi wo sinimá. Mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ògiri dúdú, kápẹ́ẹ̀tì tó ń gbé ẹsẹ̀ mì, àga tó ń na ẹsẹ̀ fún ènìyàn. Lọ́jọ́ tí a dán an wò, tí iná kú, tí àwòrán gba gbogbo ògiri, mo gbàgbé ara mi, mo jókòó. Ọ̀gá yíjú sí mi, ó ní, "Shuaib, dìde, jọ̀ọ́. Ìdí ṣòkòtò rẹ máa ba àga jẹ́." Kò bínú sọ ọ́ o. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn. Mo dìde, mo gbọn ìdí mi nù bí ọmọ ilé ìwé, mo sì sọ nínú ọkàn mi pé èmi náà á jókòó ní tèmi, kò sì sí ẹni tí yóò ní kí n dìde. Ẹ wo irú ẹ̀jẹ́ tí àgbàlagbà fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́.

Ní 2008 ilé iṣẹ́ wa pa ìlẹ̀kùn dé, mo sì jókòó sílé. Èmi ni dáwódù, èmi ni mo ni àṣẹ lórí pálọ̀. Mo lọ sí Computer Village, mo bá Reuben pàdé, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tó ń tún pùròjẹ́kítọ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ̀ ju pósí lọ. Òun ló ta ọ̀kan fún mi, òun ló sì sọ fún mi pé kò sí nǹkan tí ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ bíi tèmi kò lè ṣe fúnra rẹ̀. A dí fèrèsé pa. A kun ògiri ní dúdú. Kí ohùn má baà máa ta padà, a to kíréètì ẹyin mọ́ ògiri láti òkè délẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye kíréètì. Oyèníkẹ́ ló bá mi wá wọn. Ẹ rántí Oyèníkẹ́, ayálégbé wa tó ń ra eegun màlúù ní Oko Ọba, tó ń sá a gbẹ lẹ́yìnkùlé, tó ń kó o sínú àpò ìrẹsì fún ilé iṣẹ́ tó ń lọ̀ ọ́ mọ́ oúnjẹ adìẹ. Ó mọ gbogbo ẹni tó ń sin adìẹ láti Agége dé Ìfọ̀. Màámi yọjú wò wá, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Shuaib, ta ló kú tí o fi ń fi aṣọ dúdú bo ilé?" "Màámi, sinimá ni." "Inú òkùnkùn lẹ ó ti máa wò ó? Olúwa ò, a ń wá iná kiri, ọmọ mi ń ra òkùnkùn." Reuben rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ibojì. Màámi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Ṣe é bó ṣe wù ọ́. Ilé bàbá rẹ ni. Ṣùgbọ́n ibùsùn rẹ̀ yẹn, má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mò ń lọ, èjìká mi gbọ́dọ̀ kan èjìká rẹ̀." Mo gbé ọwọ́ lé Kùránì orí tábìlì. Mo búra fún un. Kò ní kí n búra. Èmi ni mo ń yá ara mi lórí.

Ọ̀rọ̀ àjà ilé ló ba nǹkan jẹ́. Àjà pálọ̀ wa kò ga. Pùròjẹ́kítọ̀ kò ṣeé gbé sókè tó bó ṣe yẹ, bí ènìyàn bá sì jókòó níwájú rẹ̀, orí rẹ̀ á yọ lójú àwòrán bí orí ẹni tó ń rì sómi. Reuben wọn ọ̀tún, ó wọn òsì. Ó ní ọgbọ́n kan ló kù: ká gbẹ́ iwájú wọlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí àwọn tó wà níwájú jókòó sí ìsàlẹ̀. Iwájú náà ni Bàbá wà. Mo sọ fún ara mi pé ẹsẹ̀ bàtà méjì kì í ṣe nǹkan kan, òkú ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni wọ́n ń sin. Orí ibojì nìkan la máa bó, Bàbá kò tilẹ̀ ní mọ̀. Irọ́ ni, ẹ̀yin ará mi, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ Bàbá mú lọ́jọ́ ìsìnkú. Oṣù keje ni, omi ń sun nínú ilẹ̀, àwọn tó gbẹ́ ẹ ń fi garawa gbọ́n ọn títí ó fi sú wọn. Àáfà fúnra rẹ̀ ló ní, "Ẹ jẹ́ ó mọ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ò gbà." Mo rántí gbogbo rẹ̀. Mo kàn ní kí n má rántí ni.

Màámi ní ìgbéyàwó kan láti lọ ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìwọ Wàsíù lo fi ọkọ̀ gbé e lọ, ẹ ó sì lo ọjọ́ mẹ́jọ. Bí ọkọ̀ yín ṣe ń yí kọ́nà ni mo gbé òòlù. Nígbà tí táìsì kúrò, Reuben bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá Shuaib, kí ló wà lábẹ́ ibí yìí?" Mo ní ìpìlẹ̀ àtijọ́ ni. Ó ní, "Ẹ má parọ́ fún mi o, ìjọ tí wọ́n ti ń ríran ni mò ń lọ." A jọ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì ni ṣọ́bìrì rẹ̀ kan nǹkan tí kì í ṣe òkúta. Ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Ó dún gbẹ̀ẹ́rẹ́, bí ẹni tẹ igbá fífọ́ mọ́lẹ̀. Reuben wolẹ̀, ó wò mí, ó fi ṣọ́bìrì lélẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé ọmọ tó ń sùn. "Bọ̀ọ̀dá Shuaib. Ta nìyí?" Mo ní, "Bàbá mi." Ó bọ́ fìlà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká bò ó. Ẹ jẹ́ ká bò ó báyìí, ká tọrọ àforíjì. Ẹ pe àbúrò yín." Mo dá a lóhùn pé bí mo bá pe Wàsíù, sinimá parí nìyẹn. Gbólóhùn tí mo sọ lórí bàbá mi nìyẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì. Reuben kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ, ó ní òun yóò padà nígbà tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú. Èmi nìkan ni mo fi ọwọ́ kó o. Aṣọ òkú ti di erùpẹ̀. Eegun rẹ̀ fúyẹ́, ó pọ́n bí igbá ẹ̀kọ, wọ́n sì ń kan ara wọn lọ́wọ́ mi. Mi ò ní aṣọ funfun nílé. Mo mú àpò ìrẹsì tuntun kan, mo kó bàbá mi sínú rẹ̀, mo so ó lẹ́nu.

Èrò mi ni pé bí ilẹ̀ bá mọ́, n ó ra aṣọ funfun ní ọjà Agége, n ó gbẹ́ ibojì tó jìn dáadáa sábẹ́ igi gúáfà, n ó sì pe Àáfà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò jẹ́ kí n gbé àpò náà sùn nínú ilé. Bàbá mi ni o, ẹni tó gbé mi lé èjìká lọ sí Yídì. Mo bẹ̀rù láti jọ wà nínú ilé pẹ̀lú rẹ̀. Mo gbé e lọ sẹ́yìn balùwẹ̀, mo fi pákó bo orí rẹ̀. Mi ò rántí pé ibẹ̀ náà ni Oyèníkẹ́ ń to àpò rẹ̀ sí bí ó bá ku ọ̀la kí ọkọ̀ rẹ̀ dé. Àbí mo rántí? Mo ti bi ara mi léèrè títí ọ̀rọ̀ náà kò ní ìtumọ̀ mọ́. Nígbà tí mo dé láti ọjà láàárọ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun lábẹ́ abíyá, ẹ̀yìn balùwẹ̀ mọ́ fónífóní. Oyèníkẹ́ ń gbá ibẹ̀. Ayọ̀ kún ojú rẹ̀. "Ẹ kú ọjà o, Bàbá Hàmdálàt. Ọkọ̀ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni. Ẹ bá mi dúpẹ́! Àpò mọ́kàndínlógójì ni mo kà sùn, ogójì ni wọ́n gbé. Ọlọ́run bù sí i fún mi."

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìlúpéjú, níbi tí ilé iṣẹ́ tó ń lọ eegun náà wà. Mi ò mọ ọ̀nà tí a gbà. Wọ́n ti já ẹrù sílẹ̀, àpò tó òkè kékeré kan, ẹ̀rọ sì ń lọ. Ìró rẹ̀ ń mú eyín ènìyàn gbọ̀n. Ọkùnrin kan tí wọ́n kọ Ìgbẹ́kẹ̀lé sí àyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ dá mi dúró. "Bàbá, ẹ má wọ ibí, eruku pọ̀. Kí lẹ ń wá?" "Àpò mi kan ló ṣèèṣì bá ẹrù Oyèníkẹ́ wá." "Èwo nínú wọn? Gbogbo rẹ̀ ló jọra. A ti da tó ìdajì sẹ́nu ẹ̀rọ. Kí ló wà nínú tiyín, kí n bá yín dá ẹ̀rọ dúró?" Wàsíù, ibí ni. Ibí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà, gbogbo ìyókù kàn ń tẹ̀lé e lẹ́yìn ni. Ọkùnrin náà gbé ìka lé bọ́tìnnì pupa, ó ń wo ẹnu mi. Ká ní mo sọ pé bàbá mi ni, ì bá tẹ̀ ẹ́, à bá sì tú àpò tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣeé ṣe kí Bàbá ṣì wà nínú ìdajì tó kù. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn ti ń wò wá. Ọ̀kan nínú wọn mọ̀ mí láti ilé iṣẹ́ wa àtijọ́, ó ń juwọ́: "Ọ̀gá Shuaib oníná! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta!" Mo rí bí ìròyìn náà yóò ṣe délé ṣáájú mi: Shuaib hú bàbá rẹ̀ nítorí tẹlifíṣọ̀n. Ẹnu mi sọ pé, "Irinṣẹ́ ni. Òòlù àti pílásì." Ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ́rìn-ín. "Irinṣẹ́ kẹ̀? Irin ì bá ti pariwo lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá, eegun nìkan ló ń jẹ." Ó gbé ìka kúrò. Mo dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi da àpò ogójì tán. Nígbà tí mo jáde, eruku funfun ti bo apá mi, ó bo ìpéǹpéjú mi, mo sì tọ́ ọ wò ní ètè mi kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Bàbá mi tó ti kú tẹ́lẹ̀ ni mo tún fi ra ara mi padà lọ́wọ́ ẹ̀sín. Oúnjẹ adìẹ ni wọ́n ń fi ìyẹ̀fun yẹn ṣe, adìẹ ló ń yé ẹyin. Hàmdálàt ọmọ mi, ìdáhùn rẹ nìyẹn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀fìn ń bẹ nínú pálọ̀, Màámi ń bọ̀. Mo lọ sí ibi tí Oyèníkẹ́ ti sá ẹrù tuntun, mo ṣa eegun màlúù, àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́, mo fọ̀ wọ́n, mo fi aṣọ funfun wé wọn, mo rán an pa. Nígbà tí ẹ dé, mo dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, mo ní Bàbá wá bá mi lójú àlá. Mo ní ó sọ pé ooru mú òun nínú ilé, kí n gbé òun lọ síta níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Pé mo bẹ̀rù láti kọ̀ fún un. Mo ti pèsè ìdáhùn sílẹ̀ fún ìbínú rẹ, Wàsíù, fún igbe, fún èpè pàápàá. Màámi kò bínú. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bi mí ní ohùn kékeré, "Ó dáa. Kí ló dé tí kò fi wá bá èmi?"

Lọ́jọ́ tí a sin ín sábẹ́ igi gúáfà, Màámi ní kí wọ́n gbé e fún òun kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó gbé e lé itan. Ó ń fi ọwọ́ pa á lórí, ó ń ki Bàbá ní oríkì ilé wọn, ó ń tọrọ àforíjì gbogbo ọjọ́ tí òun kò se ọbẹ̀ tó ta. Ìwọ lo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Wàsíù. O ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n rí i díẹ̀. Ọmọ ogún ọdún lé díẹ̀ ni mí nígbà tó kú, ojú rẹ̀ ti ń sá mọ́ mi lójú." Ọwọ́ rẹ ti wà lára òwú. Mo pariwo mọ́ ọ pé èèwọ̀ ni, Àáfà náà sì wò mí, nítorí kò mọ ìgbà tí mo di onímọ̀. O fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí o gba ẹrù náà láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọwọ́ rẹ dúró. O gbé e sókè díẹ̀, o tún un gbé, bí ẹni tó ń gbé itan ẹran wò lójú ọjà. O ní, "Ẹ̀gbọ́n, eegun yìí mà nípọn o." Màámi fi omijé rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá yín kì í ṣe èèyàn tín-ín-rín." Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìwọ nìkan ni o kò rẹ́rìn-ín, o wò mí, o sì sọ ọ́ kalẹ̀. Mi ò mọ ohun tí o mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sá fún ojú rẹ.

Reuben padà wá, kò bi mí ní nǹkan kan, a sì parí iṣẹ́. Ìgbà tí mò ń tẹ́ ìsàlẹ̀ ọ̀fìn náà ni nǹkan kékeré kan tàn nínú erùpẹ̀. Eyín ni. Eyín iwájú, tí obì ti pọ́n ọn láwọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá rántí ẹ̀rín Bàbá mọ eyín yẹn. Mi ò lè hú ibojì tuntun láti fi kún un, kí wọ́n má baà bi mí léèrè. Mi ò sì lè sọ ọ́ nù. Mo fi sínú agolo mílíìkì, mo dé e, mo gbé e sínú àpótí wúfà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ńlá jáde, tí mo kàn mọ́ ògiri, mo fi kíréètì bo ojú rẹ̀. Lálẹ́ tí mo pe àdúgbò wá wò ó, iná kú, àwòrán gba ògiri, mo jókòó nínú àga tèmi. Bí ohùn ńlá àkọ́kọ́ ṣe jáde lẹ́nu wúfà, mo gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀: kó-kó-kó. Ohùn náà tún jáde: kó-kó-kó. Ẹnì kan ní, "Shuaib, nǹkan kan ti tú nínú ẹ̀rọ rẹ o." Reuben dìde pẹ̀lú irinṣẹ́, ó ní kí òun tú u wò. Mo kígbe mọ́ ọn, "Má tú u!" Láti inú yàrá rẹ̀ ni Màámi ti dáhùn, òun tí kò wọ pálọ̀ mọ́ láti ìgbà tí Bàbá ti kúrò níbẹ̀: "Ta ló ń kanlẹ̀kùn? Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un, kí ó wọlé." Mo pa ẹ̀rọ náà. Mo ti yàrá yẹn pa. Kò pé ọdún méjì tí mo fi bá Hàmdálàt wá síbí, ẹ sì rò pé òtútù ilẹ̀ yìí ló dára lára mi.

Màámi kú ní 2014. Ẹ gbé fóònù sí etí ibojì kí n lè gbọ́ àdúrà. Mo gbọ́ ohùn rẹ, Wàsíù: "Ẹ tẹ́ ẹ súnmọ́ ọn dáadáa. Ó ní èjìká gbọ́dọ̀ kan èjìká." Mo bu ọwọ́ mi jẹ kí n má baà ké. Ọdún mọ́kànlá rèé tí ìyá wa ti sùn ti eegun màlúù, tó rò pé ọkọ òun ni.

Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ fi orí jìn mí kíákíá. Ẹ bínú sí mi tó bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin ọmọdé, ohun tí mo ní láti sọ fún yín kò pọ̀: ọjọ́ tí ojú bá fẹ́ tì yín láti sọ òtítọ́, ẹ wo bọ́tìnnì pupa yẹn, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ìka ṣì wà lórí rẹ̀. Wàsíù, ìwọ ni mo ní iṣẹ́ fún. Ní Sátidé, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹrù aṣọ funfun yẹn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Màámi nìkan ni kí ẹ gbé. Kí ẹ tó lọ, gba kọ́kọ́rọ́ pálọ̀, má jẹ́ kí ẹnì kan tẹ̀lé ọ. Ògiri tó kọjú sí ìlà oòrùn, lápá òsì, kíréètì kẹta láti ilẹ̀. Ya á kúrò, fi ọwọ́ bọ inú àpótí náà. Agolo kékeré kan ni, ó ti lè dípẹtà. Bá mi tẹ́ ẹ sí èjìká Màámi, kí ó kàn án. Bí o bá ń ṣiyèméjì bóyá òun ni, fi etí sí i, kí o mì ín díẹ̀. Yóò dá ọ lóhùn. Bàbá nìyẹn.